Ayálégbé Inú Yàrá Leif

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1943, Royce Tackett kan ilẹ̀kùn Hulda Brandvold, ó ní òun ń wá yàrá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì orí òkè ni. Yàrá Leif, ọmọ kan ṣoṣo tí Hulda bí, ló ṣófo. Leif wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, létà rẹ̀ kò sì dé mọ́ láti oṣù kárùn-ún. Ìràwọ̀ búlúù tí àwọn ìyá ológun ń gbé kọ́ sójú fèrèsé wà níbẹ̀; tí ọmọ bá kú, ti wúrà ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Àràárọ̀ ni Hulda ń wò ó, tí àyà rẹ̀ ń já.

Selma, aládùúgbò rẹ̀, kọjú sí àlejò náà. "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Wọn ò gbà mí láyè kí n sọ ọ́, mà."

"Háà! Hulda, ṣọ́ra o," ni Selma wí nígbà tí Royce ti wọlé. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ogun ti kó àwọn àgbà eléré lọ, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, orúkọ Royce ló gba ìlú kan. Ọkùnrin mọ́kànlá kì í rí i mú. Ọ̀dọ́ tó le tó báyìí, kí ló wá ń ṣe nílé? Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Hulda gbádùn.

Eyín iwájú Hulda méjì ti bọ́, oníṣègùn eyín sì ti lọ sógun, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń bo ẹnu sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, ẹnu yẹn gan-an ni Royce ń tẹjú mọ́. Ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́! Bó bá sì pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nídìí oúnjẹ, Hulda kò lè mú un mọ́ra. Ó bo ẹnu, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sí lójú ogun, tí ọmọ tèmi wà níbẹ̀?"

Royce rẹ́rìn-ín. "Ó dùn gan-an, mà. Ẹ ṣé." Ó na abọ́ ọbẹ̀ sí i pé kó bu sí i.

Hulda já abọ́ náà gbà, kò bu nǹkan kan sí i.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, òun àti Selma lọ sí pápá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè, gbogbo ènìyàn dìde, Royce ṣì ń so okùn bàtà, àfìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Kóòṣì ń pariwo mọ́ gbogbo wọn, ọwọ́ lásán ló ń jù sí Royce. Alátakò ń pariwo ka nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ láti fi tàn wọ́n, àwọn yòókù ń fò síwájú kí àkókò tó tó. Royce kò mira, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń wò.

"Ojo! Lọ sógun!" ni ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn Royce. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ojú ò tì í rárá," ni Hulda wí.

Ó ṣáájú Royce délé, ó gbé àpótí rẹ̀ jù sínú yìnyín. Nígbà tí Royce dé, ó wo àpótí, ó wo Hulda.

Hulda bo ẹnu. "Bọ́ síta. Ibùsùn ọmọ mi kì í ṣe fún ojo."

Royce dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ kù. Lẹ́yìn náà ló wo ìràwọ̀ ojú fèrèsé. "Ẹ ṣé, mà," ó wí, ó gbé àpótí lọ.

Ní Mọ́ńdè, létà Leif dé. Hulda ti ń sunkún ayọ̀ kó tó ya á. "Selma, ó wà láàyè!" Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kà á sókè:

"Màmá, ẹsẹ̀ mi ti ń jinná, Royce tó wọ yàrá ẹ́ńjìnnì wá fà mí jáde kó tó bú gbàmù ni mo ní kó wá máa gbé yàrá mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má tíì sọ nǹkan kan títí létà yìí á fi dé, kẹ́rù má bà yín, tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, torí wíwo ẹnu nìkan ló fi ń mọ ohun tí èèyàn ń sọ láti ọjọ́ tí ìró ìbúgbàmù yẹn ti gba etí rẹ̀."