Fóònù Tí Kò Ní Síìmù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí nílé.

1.
Ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèkànmí. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Jẹ́jẹ́lọlá, ló ń tọ́jú ìyá wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Màmá máa ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì. Jẹ́jẹ́lọlá ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ta ló fún wọn lábẹ́rẹ́, aago mélòó ló lù.

Oyèkànmí wá ra fóònù olówó pọ́ọ́kú kan lọ́wọ́ Suhail, tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó ní òun kò ní fi síìmù sí i rárá, kí ìpè má baà yọ òun lẹ́nu, kí dátà má sì máa jó. Bíbélì, ìwé orin àti àláàmù abẹ́rẹ́ Màmá ni yóò wà nínú rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì inú àpò ló ń pè é.

Suhail kìlọ̀ fún un pé bátìrì rẹ̀ ti gbó. Ó ní bó bá kú pátápátá, aago rẹ̀ lè dàrú, kò sì ní sí nẹ́tíwọ̀kì tí yóò tún un ṣe, nítorí náà kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Oyèkànmí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń lo kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí Suhail.

2.
Ó gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, ó sì ní kí àbúrò òun kó ìwé rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Inú Màmá dùn. Orin ìyìn ni wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n sì ń ròyìn ọmọ wọn fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn.

Ṣùgbọ́n Oyèkànmí máa ń yí àkókò àláàmù padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó dún ṣáájú àkókò tí wọ́n mọ̀, Jẹ́jẹ́lọlá sì pè é lọ́fíìsì láti béèrè. Àwọn oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe délé nírọ̀lẹ́, kò tilẹ̀ jókòó.

“Bó bá ti dún, fún wọn lábẹ́rẹ́. Má pè mí mọ́.”

“Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣáà máa kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ṣé o gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ ni?”

Jẹ́jẹ́lọlá ti ìwé náà bọ inú báàgì rẹ̀.

3.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Oyèkànmí fún Màmá lábẹ́rẹ́ ní aago méje àárọ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Iná kò sí láti àná. Kò pẹ́ tó jáde ni fóònù kú. Nígbà tí iná dé, Màmá fúnra wọn fi ṣájà sí i, wọ́n sì tàn án. Kò sẹ́ni tó wo aago rẹ̀.

Ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, àláàmù dún. “Abẹ́rẹ́ Màmá” ni fóònù kọ. Oúnjẹ ọ̀sán kò tilẹ̀ wu Màmá jẹ lọ́jọ́ náà. Ó ya Jẹ́jẹ́lọlá lẹ́nu; ó rò pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun tún ti yí àkókò padà ni. Ó mú fóònù tirẹ̀ láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rántí ohun tó sọ, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó bi Màmá léèrè.

“Ọjọ́ kò tíì rọ̀,” Màmá wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbàgbé bí èèyàn.”

Wọ́n na apá wọn, Jẹ́jẹ́lọlá sì fún wọn lábẹ́rẹ́.

Kò tó wákàtí kan, òógùn bo Màmá, ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ń pe Jẹ́jẹ́lọlá ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nasrullah, aládùúgbò wọn, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan ní Ring Road.

4.
Oyèkànmí sáré dé láti Dùgbẹ̀. Dókítà béèrè ìgbà tí Màmá gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Oyèkànmí ní aago méje àárọ̀. Jẹ́jẹ́lọlá ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Dókítà ní abẹ́rẹ́ kejì yẹn, láìjẹun, ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá wálẹ̀ débi tó fi pa ọpọlọ wọn lára.

Jẹ́jẹ́lọlá mú fóònù jáde nínú báàgì. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lé bọ̀ lóde, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni lójú fóònù: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2015. Aago rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ láti òru nígbà tí Màmá tàn án, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán sì di aago méje àárọ̀ lójú rẹ̀. Ìkìlọ̀ Suhail ló wá sí Oyèkànmí lọ́kàn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Màmá lò láìmọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n lajú, Oyèkànmí dì mọ́ wọn, ó ń sunkún. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá,” ni wọ́n wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi wá.”

Títí di òní, wọn kò tíì dá a mọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, fóònù tí kò ní síìmù kò burú fún ìwé kíkà àti orin gbígbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí èèyàn sábẹ́ aago rẹ̀. Bí bátìrì bá kú, ẹ tún aago àti ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ máa kọ àkókò oògùn sínú ìwé, ẹ máa fi tó ara yín létí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe ba ẹni tó fẹ́ béèrè lẹ́rù débi tí kò ní lè béèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan lórí fóònù ì bá ti gba Màmá là. Àwọn àgbà kò purọ́: abèèrè kì í ṣìnà.