Warsito Tí Kò Fẹ́ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Níṣojú Èèyàn

“Ọkọ̀ olóṣì ló ń mu ọ́ìlì. Tèmi ò mu ún rí, kò sì ní mu ún láé!”

Báyìí ni Warsito ṣe ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò wa nílùú Bekasi láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ àlòkù kan tó ń lo bẹntiróòlù. Ìgbéraga ni àléébù ọkùnrin yìí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá ju kí aládùúgbò gbọ́ pé ó lábùkù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń nu ara ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aláǹgbá ló mọ ibẹ̀ jù ú lọ.

Ọkọ̀ náà ń mu ọ́ìlì. Láàárọ̀, tó bá ti ṣáná sí i, èéfín búlúù á bo gbogbo ojúde bí ìgbà tí ìjọba bá wá fín ẹ̀fọn. Tukiran mẹkáníìkì, tí òun àti Warsito jọ jẹ́ ọmọ abúlé kan náà ní Wonogiri, ló sọ òótọ́ fún un nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ẹ̀gbọ́n, ríìngì ẹ́ńjìnnì yìí ti jẹ. Ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ wọ ibi tí epo ti ń jó, òun náà sì ń jó lọ. Ẹ jẹ́ n tú u. Tí kò bá sáyè báyìí, ẹ ṣáà máa yọ irin gééjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì wò níbikíbi tí ẹ bá ti dúró ra epo, kí ẹ máa bu ọ́ìlì kún un.”

“Kí n máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níṣojú ayé? Kí wọ́n lè sọ pé aláìsàn ni mo gùn wálé?”

“Aláìsàn náà kúkú ni.”

“Ìwọ ni aláìsàn! Ẹni tí ò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ ló fẹ́ kọ́ mi lọ́kọ̀ọ́ wíwà. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!”

Tukiran nu ọwọ́ rẹ̀. “Èéfín ni ìwà, ẹ̀gbọ́n. Kò ṣeé fi pamọ́.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mbok Sainem, ìyá Warsito, wà lábúlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti fojú kan yídì kẹ́yìn. Warsito ṣèlérí fún un lórí fóònù pé, “Ìyá mi, lọ́dún yìí, ọkọ̀ ni màá fi gbé yín lọ sí yídì. Iwájú lẹ máa jókòó sí.” Kò sí ẹni tí ìyá arúgbó náà kò ròyìn rẹ̀ fún.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ọkọ̀ mẹ́ta la jọ tò tẹ̀lé ara wa kúrò ní Bekasi lẹ́yìn sààrì, a ń lọ ṣọdún lábúlé ní Wonogiri. Aládùúgbò wa Ngadimin, tí òun náà jẹ́ ọmọ abúlé wa, ló ṣáájú, Warsito tẹ̀lé e, èmi ni mo kẹ́yìn. Nítorí náà, èmi ni mo fa èéfín ọ̀hún símú. Mo ń rò ó lọ bóyá èéfín ọ́ìlì máa ń ba ààwẹ̀ jẹ́.

Níbi tí a ti kọ́kọ́ dúró sinmi, èmi àti Ngadimin ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a yẹ ọ́ìlì wò. Warsito jókòó lé orí tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀.

“Ìwọ ò ní yẹ tìẹ wò ni?” Ngadimin bi í.

“Ẹni tára ẹ̀ ò yá ló ń lọ rí dókítà.”

“Èéfín tó ń tú jáde nídìí ẹ ńkọ́?”

“Ìlara ló ń pa ẹ́. Wo ojú ẹ gbọọrọ bíi gééjì!”

Níbi kejì tí a dúró sí, bákan náà ni. Lasmi ìyàwó rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìlú Semarang ni.

“Bàbá Ratri, iná pupa kan ń tàn níwájú yín o.”

“Iná ọdún ni.”

“Wọ́n ya agolo ọ́ìlì sára ẹ̀.”

“Lasmi, ṣé o fẹ́ wà á ni?” Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo iná náà.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó gan. Ngadimin dúró, ó padà wá, ó fi tipátipá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gééjì yọ. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

“Gbé ẹrù ẹ, kó o bọ́ sọ́kọ̀ mi,” Ngadimin sọ. “Ìyá ń retí ẹ.”

“Ẹ máa lọ! Ó kàn gbóná ni. Tó bá ti tutù, màá yà yín sílẹ̀ lọ́nà.”

Ìyàwó rẹ̀ àti Ratri ọmọ rẹ̀ ti gbé ẹrù tiwọn. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ Ngadimin. A lọ. Èmi ò tilẹ̀ juwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọdún, Mbok Sainem wẹ̀, ó wọ aṣọ ìrun rẹ̀ funfun, ó sì jókòó sórí àga níwájú ilé. Ngadimin bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ sí yídì.

“Rárá, ọmọ mi ní òun ń bọ̀.”

A kírun tán, a padà dé, ó ṣì jókòó síbẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá kí Warsito tó dé lórí ọ̀kadà, eruku bò ó. Ó kúnlẹ̀, ó gbórí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó ní kó forí ji òun.

“Ṣó o ti jẹun?” ni ìyá bi í. Kò béèrè ọkọ̀. “Ìrun yídì ti kọjá. Sàréè bàbá ẹ ló kù tí mo fẹ́ dé.”

Orí òkè ni sàréè náà wà. Warsito wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ Ngadimin. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti tọrọ rẹ̀, Ngadimin náà kò sì fi lọ̀ ọ́. Warsito bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n. Mbok Sainem kò wúwo, ṣùgbọ́n òkè abúlé wa ga. Gbogbo ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló kí i kú ọdún. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń gòkè lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun àlòkù, ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Kò sí ìtìjú nínú ọkọ̀ tó ń mu ọ́ìlì. Ìtìjú ẹni tó mọ̀ tó sì dijú ló tóbi. Ẹ yọ gééjì wò kí ẹ tó gbéra àti níbikíbi tí ẹ bá ti ra epo. Ẹ mọ iye tó ń mu, tó bá sì ti ń pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u. Àléébù tí a bá fi pamọ́ nítorí ojú ayé, orí ẹni tó fọkàn tán wa ni yóò wó lé.