Òòlù Lọ́wọ́, Kò Lè Lu Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìlà méjì kẹ́ ẹ wá sáré lọ síbòmíràn. Ẹ bá mi ka eléyìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ń fa sìgá, tàbí tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni.

1.
Bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Kò-séwu. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni. Ọkọ̀ tó bá forí gbá nǹkan, òun ló máa ń fi òòlù lù ú títí ara rẹ̀ á fi tẹ́jú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa sìgá. Tẹ́ ẹ bá ní kó rọra ṣe, á ní, kò séwu. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bímọ. Ọmọọmọ àkọ́kọ́. Oṣù ìkókó náà ò pé kó tó dé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò sì tíì gbó. Dókítà ní ẹni tí ara rẹ̀ bá ń rùn fún sìgá ò gbọdọ̀ gbé e. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà bá òun ṣe ọjọ́ mọ́kànlélógún láìfa ẹyọ kan, kí wọ́n wá gbé ọmọ. Kò-séwu ní ṣé ìyẹn náà ni wàhálà.

2.
Nínú ọgbà tí Kò-séwu àtàwọn yòókù ti ń tún ọkọ̀ ṣe, Rẹwáyà, tó ń ṣe iná ọkọ̀, ti jáwọ́ nínú sìgá láti ọdún méjì sẹ́yìn. Òun ló kéré jù níbẹ̀. Péńtà, tó ń kun ọkọ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Kò-séwu láti kékeré, náà fẹ́ jáwọ́. Làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣàdéhùn.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ kan kọ́ sára ògiri. Láràárọ̀, ẹni tí kò bá fà lánàá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fa sìgá, á nu gbogbo ìlà rẹ̀ nù, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí sìgá bá wá ń pe èèyàn, kó mú òòlù, kó lu ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun yòówù káwọn yòókù máa ṣe, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á wá dúró tì í. Rẹwáyà ní tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti kọjá.

3.
Ẹ ò bá rí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọwọ́ Péńtà ń gbọ̀n débi pé ọ̀dà tó ń fọ́n sára ọkọ̀ ń ṣàn bí omijé. Orí ń fọ́ ọ. Inú ń bí i sí ẹni tó kí i, inú ń bí i sí ẹni tí kò kí i. Ó máa ń lu irin tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Wọ́n á wá dúró tì í, wọ́n á jọ mu omi, Rẹwáyà á máa sọ bí òun náà ṣe sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ kẹta. Á sì kọjá lóòótọ́.

Kò-séwu ńkọ́? Kò lù ú rí. Òun tó jẹ́ pé òòlù ni iṣẹ́ rẹ̀! Ó ní òun ò lè máa pe ọmọ àná wá ṣọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹjọ, tí Péńtà tún lu irin, Kò-séwu wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ náà tún ni? Àbí o ti di agogo iléèwé ni?"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Péńtà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò lu irin mọ́.

4.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún pé. Ìlà mẹ́tàdínlógún wà lábẹ́ orúkọ Kò-séwu. Láràárọ̀ ló ń ya fọ́tò àwọn ìlà náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ á fi ohùn ránṣẹ́ padà, á máa ki bàbá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Péńtà yọ́ lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tó ti kú tipẹ́ ní ìpẹ̀kun ọgbà. Sìgá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì tàn. Ta ló bá níbẹ̀?

Kò-séwu ni o. Ó jókòó sórí táyà, sìgá lẹ́nu, ìgò lọ́fínńdà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin ló ti ń fà á níbẹ̀.

"Mo rò pé èmi nìkan ni ọ̀lẹ," Péńtà sọ. "Ìlà rẹ ni mo máa ń wò láràárọ̀. Mo ní tó bá rọrùn fún ọ tó báyìí, a jẹ́ pé èmi ni mi ò dáa. Ká ní o lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò bá má wá síbí."

Kò-séwu la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé kò séwu. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

5.
Ó dìde, ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ìlà mẹ́tàdínlógún náà nù lójú gbogbo ọgbà. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ọmọ náà sunkún. Ó ní kì í ṣe sìgá ló dun òun tó bẹ́ẹ̀, àwọn fọ́tò yẹn ni, torí òun ti ń fi wọ́n han ìkókó. Ẹ wá gbọ́ ohun tó fi parí ọ̀rọ̀:

"Bàbá mi, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ò lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, sìgá pè é. Ó rìn dé ibi ilẹ̀kùn, ó padà, ó tún lọ. Ọwọ́ tó ti ń lu irin láti ọjọ́ yìí wá gbé òòlù sókè. Gbà. Gbà. Gbà.

Rẹwáyà ju wáyà sílẹ̀. Péńtà sáré dé, ọ̀dà búlúù ní imú. Ó ní agogo iléèwé ti dún, ẹ jẹ́ á wọ kíláàsì. Ojú Kò-séwu kún fómi, ẹ̀rín sì ń pa á. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó tó ẹ̀ẹ̀meje tó ń lù ú lójúmọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, tòótọ́tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kò fín lọ́fínńdà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbóòórùn ọrùn aṣọ rẹ̀, ó gbóòórùn irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbóòórùn ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbé ìkókó lé e lọ́wọ́. Bàbá gbé e bí ẹni gbé gíláàsì iwájú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jáwọ́, ẹ ṣọ́ra o. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣubú. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa lè fa ẹlòmíràn lulẹ̀. Ẹ̀yin tó sì rọrùn fún, ẹ má fi ẹni tó ń pè yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà lọ́jọ́ kẹta báyìí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ ní kó lu irin, ẹ ti ń bọ̀. Torí tá a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.