Àtòrì Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́runlékè

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́runlékè kì í wá sí ilé bàbá Rhoda ní Kábà lọ́wọ́ òfo. Sátidé kọ̀ọ̀kan, àtòrì tútù kan a wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èdè Látìn àti ti Gíríìkì ló fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti kọ ìwé nípa àwọn tó fi ayé wọn kọ́ èdè méjèèjì láti ayé àtijọ́. Ọdún tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ló fẹ̀yìn tì. Ó ní ìwé kan ló kù, ti àwọn tíṣà Látìn ilẹ̀ Okun. Bàbá Rhoda nìkan ló ṣẹ́ kù láyé nínú wọn.

"Bàbá ò rántí nǹkan kan mọ́, ẹ̀gbọ́n," Rhoda wí. "Wọn ò mọ orúkọ tèmi gan-an. Bí mi ò bá gbé wọn, wọn ò lè dúró."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àtòrì. "Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ló máa rán wọn létí. Má ṣáà wọlé bá wa."

Ìka kan wọ́ lọ́wọ́ òsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá ló fi ẹgba ṣẹ́ ẹ ní kíláàsì, nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé. Ẹgba bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ń kérora.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù bàbá. Rhoda fẹ́ wò ó, bàbá já ọwọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ló pè é: "Rhoda." Ó ti lé lọ́dún kan tó pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Rhoda sunkún. Ó ní ìrora ló mú bàbá pe ọmọ rẹ̀.

"Okun o, Rhoda," Olúṣínà aládùúgbò kí i ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí Rhoda ṣe ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. "Ṣé ẹran ni wọ́n ń nà nínú ilé yín ni?"

"Ìwé ni wọ́n ń kọ."

"Ìwé! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bó bá pa bàbá ẹ, ṣé wàá ní o ò gbọ́?"

Ẹgba tún dún. Nǹkan wó lulẹ̀ nínú yàrá. Ẹnì kan ké: "Yéè!"

Rhoda gbá ọmọ odó mú, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn. Inú oòrùn ló ti wá, yàrá sì ṣú. Ẹnì kan kúnlẹ̀. Ẹnì kejì dúró ṣánṣán, àtòrì lókè. Rhoda ò bi í léèrè. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó là á mọ́ ẹni tó dúró lórí. Orí náà dún bí igbá tó fọ́. Ọkùnrin náà ṣubú.

Ẹni tó kúnlẹ̀ ò dìde. Ó di ojú, ó ṣì na àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síwájú, ìka kan wọ́ níbẹ̀, ó ń retí ẹgba tó kù lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀.