Ẹ Má Wá Dúpẹ́ Nílé

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1983 ni ọlọ́pàá mú Títílọlá ní Láfẹ́nwá. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ìyá rẹ̀, Alájà Bùsírátù tó ń ta abọ́ tánganran, ló ní kó bá òun jókòó ti ìsọ̀ kí òun lọ kírun. Kí Alájà tó dé, obìnrin kan ti wá wo abọ́. Beatrice ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Orógbó ló ń jẹ, agolo mílíìkì kan tó ti dípẹtà ló sì gbé dání tó ń tutọ́ sí. Ó ní bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ mú abọ́ ni ọmọ náà já ṣéènì wúrà gbà lọ́rùn òun. Wọ́n tú ìsọ̀, wọ́n tú ara ọmọ, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n mú un lọ bẹ́ẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, garawa ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní igun àtìmọ́lé, eṣinṣin bò ó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títílọlá fi ìborùn di imú. Alájà, tó ti sáré tẹ̀ lé wọn débẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún béèlì. Sájẹ́ǹtì ní kò sí béèlì, ó di kóòtù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé yẹn náà, aago méjì ọ̀sán, ni ìdánwò. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ náà dúró pẹ́nrẹ́n, ìdánwò ti lọ nìyẹn, olè ni wọ́n ó sì máa pe ọmọ náà.

Alájà jáde láti lọ wá lọ́yà. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí mọ́tò Lọ́yà Olújìmí fi dúró níwájú rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti ọdún tí ọlọ́pàá ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú títì ló ti ń gbẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ rò, kì í gba kọ́bọ̀. Lọ́dún yẹn, ó fẹ́ wọ ilé aṣòfin, fọ́tò rẹ̀ sì wà lára gbogbo ògiri Láfẹ́nwá.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá," ni lọ́yà wí. "Ọmọ yín á ṣe ìdánwò. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àgbélébùú, níbo lọmọdé fẹ́ fi irú ẹ̀ pamọ́ sí lójú ọjà?"

Alájà kúnlẹ̀ fún un lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Ajé, Beatrice gbé agolo rẹ̀ wọ kóòtù. Akọ̀wé ní kó gbé ìdọ̀tí náà síta. Lọ́yà dìde.

"Ẹ jẹ́ kó gbé e dání, Olúwa mi. Bí kò bá tutọ́, kò lè sọ̀rọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alájà wo itọ́ orógbó tó ń fà tẹ̀ẹ̀ létí agolo, ó gbójú kúrò.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni lọ́yà bi obìnrin náà. Nínú èkíní, ó ní òun rí ọwọ́ ọmọ náà. Nínú èkejì, ó ní ẹ̀yìn òun ló wà. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó ní òun ò mọ̀ mọ́. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó sì bá Sájẹ́ǹtì wí. Àwọn oníwèé ìròyìn méjì ya fọ́tò lọ́yà, ọwọ́ rẹ̀ lórí Títílọlá. Nígbà tí aago méjì lù, ọmọ ti wà lórí àga ìdánwò.

Lójú ọ̀nà kóòtù, Alájà tutọ́ sílẹ̀ níwájú Beatrice.

"Ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ bà jẹ́. Ó ń kóni nírìíra láti wò ọ́."

Beatrice nu ẹnu, ó kọjá. Lọ́yà di Alájà lápá mú pẹ̀lẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀, màmá. Ẹ má sì wá dúpẹ́ nílé o. Ará ọjà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún."

Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Alájà sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Láfẹ́nwá, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, àwọn obìnrin ti ń búra pé òun ni àwọn ó dìbò fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kò jẹ́ kí Alájà jẹun. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú rẹ̀ yìí. Bó ṣe kírun àárọ̀ ọjọ́ kejì tán, ó mú abọ́ tó tóbi jù nínú ọjà rẹ̀, ó bu èlùbọ́ kún un, ó gbé e ru Títílọlá, wọ́n sì gbéra lọ sí ilé Lọ́yà Olújìmí ní Aké.

Ọmọdébìnrin kan ṣílẹ̀kùn pálọ̀ fún wọn, ó pariwo sínú ilé pé àlejò dé, obìnrin kan sì jáde láti yàrá, ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àgbélébùú lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, àbúrò mi ṣì ń wẹ̀," ó sì tutọ́ orógbó sínú agolo rẹ̀ kó tó gbójú sókè.