Àbọ̀ Ìlóṣòó Bámiṣẹ́

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà lára Bámiṣẹ́ ọmọ Èrúwà: kì í ṣe nǹkan délẹ̀, àfi kó ṣáà ṣe é kí ayé rí i. Bó bá gbálẹ̀, ojúde nìkan ni, níbi tí àlejò yóò gbà kọjá. Bó bá pàdé àgbà, á tẹ ara díẹ̀, á na ìka kan sílẹ̀, ìka náà kò sì ní kan ilẹ̀ tí yóò fi nàró. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í pé irú ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àbọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ náà tó wọn."

Ẹ gbọ́ ọlọ́gbọ́n!

Bámiṣẹ́ ga, ó sì mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá. Lọ́dún tó kọjá, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ bá wọn díje n'Ìbàdàn. Àwọn méjì ló ń dù ú: Bámiṣẹ́, àti Wàhábì ará Igbó-Ọrà, tí orí rẹ̀ kò kọjá etí Bámiṣẹ́. Bàbá Ṣèyífúnmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wọn. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì pa ìka wọn, ó ní kí wọ́n fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́, kí oníkálùkù fọwọ́ kàn án níbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Lẹ́yìn náà, ó fa ìlà pupa kan sókè. Ìbú ìka mẹ́ta ló kù kí àmì Bámiṣẹ́ dé ìlà náà. Ti Wàhábì ku ìka márùn-ún.

Bàbá ní, "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá kan ìlà yìí ni yóò wọ ọkọ̀ Ìbàdàn."

Ohun tí wọ́n fi ń wá agbára kò ju irin gbọọrọ kan lọ, tí wọ́n fi àwọn àgólò tí símẹ́ǹtì kún inú wọn kọ́ sí lọ́tùn-ún lósì. Wọn á gbé irin lé èjìká, wọn á lóṣòó títí ìdí yóò fi kan àpótí kékeré, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé bẹ pákí, kí wọ́n tó dìde.

"Àwọn iṣan ńlá inú itan àti ìdí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí," ni Bàbá wí. "Bí ẹ kò bá lọ sílẹ̀ débẹ̀, ta ni yóò jí wọn? Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

Àgólò méjì péré ni Wàhábì fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń kan àpótí, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa Bámiṣẹ́.

"Wàhábì, ṣé ṣáláńgá lo wà ni? Ṣé kí n bu omi wá?"

Wàhábì tún irin ṣe léjìká. Ó tún lóṣòó.

Nígbà tó kan Bámiṣẹ́, ó kó àgólò mẹ́rin, ó lọ sílẹ̀, kò lè dìde mọ́. Ojú tì í gan-an. Ṣé kó dín àgólò kù? Ká má rí i! Ó wá búlọ́ọ̀kù kan, ó gbé e lé orí àpótí. Báyìí, kí orúnkún tó tẹ̀ dáadáa, ìdí ti kan búlọ́ọ̀kù. Kò pẹ́ tó fi ń gbé àgólò mẹ́jọ. Ó ní kí Moyọ̀sọ́rẹ àbúrò rẹ̀ ya òun ní fọ́tò. Àgólò mẹ́jọ hàn kedere nínú fọ́tò náà, búlọ́ọ̀kù kò hàn. Àwọn èèyàn ń pè é ní alágbára, orí rẹ̀ sì ń wú.

Bàbá Ṣèyífúnmi rí i, ó pè é sápá kan.

"Gbé búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń di odindi nínú ọmọlúàbí. Àbọ̀ ìlóṣòó kì í di odindi nínú itan ẹnikẹ́ni."

"Bàbá, ẹ ṣáà máa ka àgólò," ni Bámiṣẹ́ fi dá a lóhùn. Ó na ìka kan sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé, ìyá rẹ̀ ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbàdúrà ìrìn àjò fún un, ó sì ti di gààrí sínú báàgì.

Ọjọ́ pé. Wàhábì ló kọ́kọ́ fò, ọwọ́ rẹ̀ sì fi ìbú ìka méjì kọjá ìlà pupa. Èrò pariwo. Bámiṣẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì pa ọwọ́, ó fò. Ṣọ́ọ̀kì náà bà sórí àmì rẹ̀ àtijọ́ géérégé, kò yẹ̀ rárá.

Moyọ̀sọ́rẹ tẹjú mọ́ ògiri. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti fò ni?"

Bámiṣẹ́ ní bàtà òun wúwo, ó bọ́ ọ. Ó tún fò, ibì kan náà ni. Ó ní ẹnì kan ti sún ìlà sókè. Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta, àmì àtijọ́ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, gbogbo wọn ti wọ ọkọ̀ nígbà tí Bámiṣẹ́ sáré dé pẹ̀lú báàgì. Ó rí Bàbá Ṣèyífúnmi lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó sì wólẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, àgbọ̀n pàápàá kan ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Gbogbo Èrúwà ló ti gbọ́ pé mò ń lọ."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Dìde, ọmọ mi. Èyí délẹ̀. Ká ní o ti ń lọ sílẹ̀ báyìí láti oṣù mẹ́ta, ìwọ là bá máa mú lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kún."

Ọkọ̀ gbéra. Bámiṣẹ́ gbọn erùpẹ̀ nù lára, ó gbé gààrí padà fún ìyá rẹ̀, àwọn tó pàdé lọ́nà sì ń kí i pé ó kú ìmúra ìrìn àjò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ti Bámiṣẹ́ ṣe àríkọ́gbọ́n. Èèyàn lè máa ka àgólò fún yín, ṣùgbọ́n ògiri kò mọ àgólò. Iṣẹ́ kékeré tí a ṣe délẹ̀ sàn ju iṣẹ́ ńlá tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ìdí rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń yan àbọ̀ jẹ níbi ìnira, àbọ̀ náà ni yóò bá lọ́jọ́ èrè, bí wọ́n bá fún un rárá. Bí ẹ bá fẹ́ fò, ẹ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ dáadáa.