Okùn Tó Lè Gbé Erin

Àfẹ́sọ́nà mi ló júwe ṣọ́ọ̀bù olókùn kan fún mi.

"Bàbá, okùn tí kì í fà bíi rọ́bà ni mo fẹ́, tí kò sì wọ́n. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ fi sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta lọ́la."

Bàbá olókùn gbé okùn tín-ín-rín kan fún mi.

"Erin lè rọ̀ mọ́ ọn!"

Mo fà á wò.

"Ó ń fà o."

"Ọwọ́ yín ló gùn."

Bí mo ṣe ń yọ owó, àfẹ́sọ́nà mi wọlé.

"Dádì! Ẹ ti pàdé ọkọ mi nìyẹn!"

Bàbá lanu. Ó nawọ́ sábẹ́ káńtà, ó fa okùn nínípọn kan yọ, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tìẹ nìyí."

"Tèmi ńkọ́, sà?"

"Ṣé o sanra ju erin lọ ni?"